Ohùn Dalek àti Owó Àpò Ẹgbẹ́ Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ sọ kí a tó dìbò lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ lórí ohun tí a máa fi owó inú àpò ẹgbẹ́ rà. Àwọn kan ní ká fi ra aṣọ eré fún Ọjọ́ Àṣà. Èmi ní ká fi ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀, títí dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1963. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ló kan ẹgbẹ́ Yorùbá nínú ìyẹn?" Ẹ ṣáà fara balẹ̀.

Ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré kan tó ń jẹ́ Doctor Who jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Arìnrìn-àjò kan ló wà nínú rẹ̀, àpótí ló ń wọ̀ kiri, àpótí náà sì lè gbé e lọ sí àná, sí ọ̀la, tàbí sí ìràwọ̀ mìíràn. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré náà sinmi fún ọdún gbọọrọ láàárín, àwọn ènìyàn ṣì ń wò ó. Oṣù kan péré lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọ̀tá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yọjú. Dalek lorúkọ wọn. Terry Nation ló kọ ìtàn wọn, Raymond Cusick ló ya bí wọ́n ṣe máa rí.

Bí wọ́n sì ṣe rí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọn kò ní ẹsẹ̀. Wọ́n dà bí agolo ńlá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló yọ lórí ọ̀pá níwájú wọn. Ọwọ́ kan jẹ́ ìbọn, ọwọ́ kejì rí gẹ́lẹ́ bíi rọ́bà onígi tí wọ́n fi ń tú ihò omi ìdọ̀tí tó bá dí. Inú agolo yẹn ni ẹ̀dá kan wà, kíkékeré, ṣíṣẹ́ńṣẹ́, ìyókù àwọn ènìyàn kan tí wọ́n jagun títí ogun fi ba ara wọn jẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù nínú wọn, ìkórìíra. Ẹnikẹ́ni tí kò bá ti jọ wọ́n, pípa ni. Ọmọdé ni Terry Nation nígbà ogun Hitler, àwọn Násì ló sì wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń kọ nípa àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí wọn kò fi kú láti ọdún 1963, torí kò sí ìlú tí kò mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Àwa tí à ń gbé apá ibí yìí ní Nàìjíríà, a kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìrísí wọn kọ́ ló ń dẹ́rù bani. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́kọ́ fi wọ́n hàn mí nígbà ìsinmi, ẹ̀rín ni mo rín. Ó wá ní kí n dijú kí n sì máa gbọ́. Ara mi bù máṣọ. Ohùn wọn ni gbogbo nǹkan, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Bí ẹ bá yọ ohùn yẹn kúrò, agolo lásán ló kù.

Báwo ni wọ́n ṣe rí ohùn náà? Àwọn tó wà nínú agolo kò sọ̀rọ̀ rárá, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ti ara wọn kiri. Àwọn òṣèré méjì mìíràn, Peter Hawkins àti David Graham, ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú máìkì, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Brian Hodgson, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka BBC tí wọ́n ń pè ní Radiophonic Workshop, ló gba ohùn àwọn méjèèjì kọjá nínú ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ ring modulator. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni pé ó ń da ohùn ènìyàn pọ̀ mọ́ ìró iná kan tó ń gbọ̀n bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn náà á wá já sí wẹ́wẹ́, á máa gbọ̀n bíi páànù tí atẹ́gùn ń mì. Mo lọ bá olùkọ́ físíìsì wa, wọ́n yà á fún mi lójú pátákó, nígbà tí wọ́n rí i pé kò tíì yé mi, wọ́n ní kí n lọ sọ̀rọ̀ sẹ́nu fáànù. Gbogbo wa la ti ṣe é rí ní họ́stẹ̀ẹ̀lì tí iná bá wà! Ẹ lọ gbé ẹnu yín sí ẹ̀yìn fáànù tó ń yí, kí ẹ sọ pé "Màá pa yín." Dalek ti dé nìyẹn.

Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ṣe é o. Àwọn òṣèré yẹn máa ń gé ọ̀rọ̀ ní sílébù kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kan ìṣó. Gbogbo sílébù ló máa ń dúró lójú kan náà, láìgòkè, láìsọ̀ kalẹ̀, àfi tí inú bá ń bí Dalek ni gbogbo rẹ̀ á jọ máa gun òkè lọ, á di igbe. Roy Skelton wà lára àwọn tó gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn wọn, láti ọdún 1967, ó sì ń ṣe é títí di 1988, bẹ́ẹ̀ òun kan náà ló ń fọ ohùn fún ọmọlangidi kan nínú ètò àwọn ọmọ kéékèèké. Ohùn kì í ṣe kékeré.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ kan wa. Mo bi ara mi pé, tí Dalek bá fẹ́ sọ Yorùbá ńkọ́? Èdè Òyìnbó lè fara da ohùn tó dúró lójú kan, ẹ óò ṣì gbọ́ ohun tó wí. Tiwa kò lè fara dà á. Tí Dalek bá dúró sẹ́nu ọ̀nà géètì wa tó ní òun fẹ́ "ọkọ", ẹ sọ fún mi, ṣé ọkọ ló ń wá ni, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ́ tá a fi ń ro oko, àbí ọ̀kọ̀ tá a fi ń gún ẹran? Kí ó tó parí àlàyé, gbogbo wa á ti sá lọ. Ẹ wá wo ìlù dùndún. Dùndún kò ní ẹnu, kò ní ahọ́n, kò lè pe "k" tàbí "b", ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ní, síbẹ̀ ó ń kì yín, ẹ sì ń gbọ́. Ọmọ Àyàn ju ọ̀rọ̀ nù, ó di ohùn mú. Dalek di ọ̀rọ̀ mú, ó ju ohùn nù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ohùn ń ṣe nínú èdè wa, kó gbé àwọn méjèèjì síwájú ara wọn.

Kì í sì í ṣe pé àwọn bàbá wa kò mọ̀ pé tí a bá yí ohùn padà, ẹni tá a mọ̀ á di ẹni tá ò mọ̀. Ohùn egúngún ńkọ́? Ohùn háháhá tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde, tí àwọn àgbà fi ń wé ti ìjímèrè. Aládùúgbò yín lè wà lábẹ́ aṣọ yẹn, ṣùgbọ́n ará ọ̀run lẹ ń gbọ́. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí BBC. Ohun tó sì dùn mọ́ mi jù ni pé ohùn egúngún yí padà lóòótọ́, síbẹ̀ kò sọ ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ nù, torí ó gbọ́dọ̀ wúre kí ó sì yé èèyàn. Nítorí náà, tí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ ṣe ọ̀tá tiwa nínú eré, bí Àgbákò inú ìwé Fágúnwà, ọ̀nà egúngún ló yẹ ká tọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi fáànù sílẹ̀ fún ooru.

Ẹ jẹ́ n padà sí ìtàn, torí ibi tó ti kan owó wa là ń lọ yìí.

BBC gan-an ló pa eré ara rẹ̀ rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Téèpù wọ́n nígbà yẹn, wọ́n sì lè nù ún kí wọ́n tún lò ó. Àdéhùn wọn pẹ̀lú àwọn òṣèré kò jẹ́ kí wọ́n lè tún eré gbé jáde bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dé, wọ́n rò pé ta ló tún fẹ́ wo dúdú-àti-funfun. Wọ́n nù ún, wọ́n dáná sun òmíràn. Àwọn apá eré náà láti àwọn ọdún 1960 tí àwòrán wọn ṣì sọnù lé ní 90. Àwọn ìtàn Dalek wà nínú wọn. The Power of the Daleks, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1966, apá 6 ni, kò sí ẹyọ kan tó kù lódindi. The Daleks' Master Plan jẹ́ apá 12, púpọ̀ nínú wọn ló lọ.

Ṣùgbọ́n ohùn ńkọ́? Ohùn kò sọnù. Ẹyọ kan kò sọnù. Gbogbo apá tí àwòrán rẹ̀ ti lọ pátápátá, ohùn rẹ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ta ló tọ́jú rẹ̀? Àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ nínú ilé wọn ni! Kò sí fídíò nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ràn eré yìí tó sì fẹ́ rántí rẹ̀, á gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ onítéèpù ńlá síwájú tẹlifíṣọ̀n, á gbé máìkì sẹ́nu rẹ̀, á wá bẹ gbogbo ará ilé pé kí wọ́n dákẹ́. Àwọn mìíràn mọ nǹkan kan nínú wáyà, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n tààrà. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sanwó fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, BBC fúnra rẹ̀ ló padà lọ lo téèpù àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọ́n fọ ohùn náà mọ́, wọ́n fi sórí kásẹ́ẹ̀tì àti síídì, wọ́n sì wá ẹni tí á máa ṣàlàyé ohun tí ojú ìbá ti rí. Peter Purves, tó ṣeré nínú Master Plan nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ni ó ṣàlàyé tirẹ̀. Ní 2016, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí The Power of the Daleks kọ́kọ́ jáde, wọ́n ya àwòrán tuntun láti bá ohùn àtijọ́ yẹn lọ. Ohùn ló ṣáájú, àwòrán ló tẹ̀ lé e.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí díẹ̀ nínú àwọn àwòrán tó sọnù ti jáde wá? Ní Jos ni o! Jos tí ẹ mọ̀ yìí, tí bọ́ọ̀sì àwọn kan nínú wa ń gbà kọjá tí a bá ń lọ sílé. Philip Morris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń wá àwọn fíìmù tó sọnù kiri, ló rí wọn ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013. Apá 9 tí gbogbo ayé rò pé ó ti lọ pátápátá ni wọ́n tún rí. Mi ò ní purọ́ fún yín, Dalek kò sí nínú wọn. Àwọn ẹranko onírun ńlá tí wọ́n ń pè ní Yeti ló wà nínú ọ̀kan. Apá kẹta ìtàn yẹn, The Web of Fear, ṣì sọnù títí di ìgbà náà, ohùn rẹ̀ nìkan ló wà, torí ẹnìkan gbà á sílẹ̀ nílé lọ́dún 1968.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àwa ọmọ Nàìjíríà kì í tọ́jú nǹkan. Ẹ fi ti Jos dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n èmi náà mọ̀ pé àwọn agolo fíìmù yẹn kò wà níbẹ̀ torí pé ẹnìkan fẹ́ràn wọn. Orí pẹpẹ ni wọ́n wà, kò sẹ́ni tó kó wọn dànù, ó tán. Oríire nìyẹn jẹ́. Ti àwọn ọmọ tó gbé máìkì síwájú tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀. Àwọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló sì tún gbé Dalek dìde. Ní 1979, BBC gé Genesis of the Daleks, eré ọdún 1975, kúrú sórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, Tom Baker tó jẹ́ Doctor nígbà náà ló ń sọ ìtàn níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò ní fídíò gbọ́ ọ títí. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré Doctor Who tiwọn sórí kásẹ́ẹ̀tì, láìgbowó, Nicholas Briggs sì wà nínú wọn. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n pa eré náà tì, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Big Finish bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ohùn nìkan láti 1999. Dalek wọlé síbẹ̀ ní 2000, Briggs kọ Dalek Empire tẹ̀ lé e. Ní 2003, Robert Shearman kọ Jubilee, nípa Dalek kan ṣoṣo tí wọ́n tì mọ́lé, tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ẹ gbọ́ tèmi, ìtàn yẹn mú kí àánú Dalek ṣe èèyàn, ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí BBC dá eré náà padà ní 2005, inú eré olóhùn yẹn ni Shearman ti fa ìtàn Dalek àkọ́kọ́ yọ fún tẹlifíṣọ̀n. Ta ló sì fọ ohùn Dalek níbẹ̀? Nicholas Briggs, ọmọ oníkásẹ́ẹ̀tì àná.

Èrò tèmi ni pé Dalek dára nínú ohùn ju orí tẹlifíṣọ̀n lọ. Ẹ ò ní rí rọ́bà omi ìdọ̀tí. Ẹgbẹ̀rún Dalek lè kún ojú ọ̀run, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ọkùnrin kan pẹ̀lú máìkì ti tó.

Ó wá kù sí tiwa.

Aṣọ eré dára, mi ò bá aṣọ jà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí méjì tí àwọn òbí bá ti pàtẹ́wọ́ tán, kí ló máa ń kù? Àwọn aṣọ tí ẹgbẹ́ rà lọ́jọ́sí wà ní sítọ́ọ̀, eku ti fi ṣe ilé. Eré tí àwọn sẹ́níọ̀ wa ṣe, tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ fún wa títí, ta ni nínú wa ló lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀? A lè yá aṣọ. Kí oníkálukú mú àdìrẹ tàbí bùbá kan wá láti ilé lẹ́yìn ìsinmi. Màá mú tèmi méjì.

Ohun tí a kò lè yá ni Bàbá Géètì. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń fẹ̀yìntì lópin táàmù yìí, wọ́n ń padà sí ìlú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n ti kì lóríkì bí a ṣe ń wọlé tí a bá ti ìsinmi dé, tí a sì dúró bí ẹni omi tútù dà lé lórí, torí a kò mọ̀ pé a ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lára. Wọ́n mọ àlọ́ tí n kò rí nínú ìwé kankan ní láíbìrì wa. Wọ́n mọ ìjálá. Ẹ̀ka èdè ìlú wọn wà lẹ́nu wọn, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń sọ ọ́ nínú ọgbà yìí. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àwa tí a dàgbà síbí, "mo ti gàjí" là ń wí tó bá rẹ̀ wá, a ti gbàgbé pé Haúsá ni. Èyí kò burú, èdè ń yáwó lọ́wọ́ ara wọn. Ohun tó burú ni pé ohùn ti ń bọ́ lẹ́nu wa. Mo ti gbọ́ ẹni tó ní òun fẹ́ wọ "ọkọ́" lọ sí Àbújá. Àwọn olùkọ́ wa ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ fún wa, wọ́n ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n àmì orí ìwé kò lè dún. Etí ló ń kọ́ ọ.

Àwọn kan ní fóònù olùkọ́ lè gbà á. Wọ́n gbà á rí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gba ohùn ìyá àgbà kan tó wá kí wa sórí fóònù, fóònù bàjẹ́, ohùn bá a lọ. Fóònù ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́rùn. Òfin sì ti sọ pé àwa ọmọ ilé-ìwé kò gbọdọ̀ lò ó ní họ́stẹ̀ẹ̀lì, n kò bá òfin jà. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kò lè pe ẹnikẹ́ni, kò lè wo fíìmù. Kó máa wà ní ọ́fíìsì olùkọ́ alámòójútó ẹgbẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó fọwọ́ síwèé, kó dá a padà kí agogo prep tó lù.

Tá a bá rà á, ẹ jẹ́ ká ṣe é dáadáa. Ká kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá, ohun tí wọ́n bá ní ká má gbà, a ò gbọdọ̀ gbà á. Ká kọ orúkọ wọn, ọjọ́ àti ìlú wọn sí i, torí ohùn tí kò ní orúkọ kò yàtọ̀ sí agolo tó wà lórí pẹpẹ. Ká ṣe ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún láíbìrì, ọ̀kan fún àwọn ọmọ Bàbá. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá ní ohùn líle nínú wa, kó wá ṣe Àgbákò ká gbọ́.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ìbò, ní kíláàsì SS2. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí Bàbá lọ. Mo ti lọ bá wọn ní géètì, mo dọ̀bálẹ̀, mo bi wọ́n bóyá wọ́n á gbà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ká má wá lọ́jọ́ ọjà, wọ́n sì ní tí a bá ń bọ̀, ká mú obì dání.